Akọ gínípíìgì tuntun láàárín àwọn abo: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí jù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń sin gínípíìgì, ẹran kékeré onírun tó dà bí eku ńlá tí kò nírù, ní Àkúrẹ́ níbí, lọ́nà Ìjọ́ka, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí. Ìbéèrè tó sì máa ń wọlé sórí fóònù mi jù ni ti akọ tuntun. Ẹnì kan á ra akọ lọ́jà, á gbé e sínú kéèjì àwọn abo ẹ̀, ilẹ̀ ò tíì ṣú á ti pè mí pé àǹtí, wọ́n ń pa ara wọn o. Mo wá ní kí n jókòó kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó gbé akọ yẹn wọlé, torí tó bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò ní ṣe é dá padà mọ́.

Ṣé mi ò lè kàn gbé e sáàárín wọn kí wọ́n parí ẹ̀ fúnra wọn ni?

Rárá o. Ẹ wò ó báyìí: lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó ló ń lọ sílé ọkọ, ṣùgbọ́n ní ti èyí tí à ń sọ yìí, ọkọ ló ń bọ̀ wá bá àwọn ìyàwó nínú ilé tiwọn. Àwọn abo yẹn sì ti ní ìyáálé láàárín ara wọn, wọ́n mọ ẹni tó ń kọ́kọ́ jẹun, wọ́n mọ páálí tí oníkálukú ń sùn sí, gbogbo igun kéèjì yẹn ni òórùn wọn wà. Tẹ́ ẹ bá ṣàdédé ju àlejò sáàárín ẹ̀, ìyáálé lè gé e jẹ, àlejò ò sì ní ríbi sá sí. Ìyẹn tiẹ̀ kéré. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni àìsàn tó lè gbé bọ̀, àti oyún tẹ́ ẹ ò múra sílẹ̀ fún.

Oyún ti wá jẹ́? Akọ àti abo ṣáà ni, ṣé kò yẹ kí wọ́n bímọ ni?

Ó yẹ, tó bá jẹ́ ọmọ lẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Tí ọjọ́ bíi 16 bá ti yí po, ara abo á tún máa fẹ́ akọ, ìyẹn ni pé tí akọ bá fi lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín wọn, gbogbo kéèjì lè lóyún pọ̀. Oyún yẹn máa ń tó ọjọ́ 59 sí 72, èyí tó pọ̀ jù máa ń sún mọ́ ọjọ́ 68. Ọmọ méjì sí mẹ́rin ni mo máa ń rí jù, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè ju mẹ́rin lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé o: lọ́jọ́ tí abo bá bímọ gan-an, láàárín wákàtí díẹ̀ péré, ó lè gba oyún míì. Ara ò tíì sinmi, ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọyàn, òmíì ti wà níkùn. Mo ti rí abo tí wọ́n gbé wá bá mi láti Òkè-Àró, ó ti bí lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra tẹ̀ léra, egungun ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ń fọwọ́ kà, ó dùn mí gan-an, torí onítọ̀hún ò mọ̀ọ́mọ̀ fìyà jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un ni. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ikùn abo ti yọ, ẹ gbé akọ kúrò níbẹ̀, kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbímọ.

Abo mi ti pé oṣù mẹ́wàá, kò bímọ rí. Ṣé mo lè fi akọ sí i?

Ẹ má dán an wò. Eléyìí ló ń pa wọ́n jù, mo sì máa ń tẹnu mọ́ ọn títí ẹ̀rù á fi ba ẹni tó ń gbọ́. Egungun kan wà níwájú ìdí abo tó gbọ́dọ̀ là díẹ̀ kí ọmọ tó lè kọjá. Abo tó bá ti bímọ nígbà tó ṣì kéré, egungun yẹn á máa là. Èyí tó bá ti kọjá bí oṣù mẹ́fà sí méje láìbímọ rí, egungun yẹn lè ti dì pọ̀, tọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ bá wá dé ọmọ ò ní rọ́nà gbà. Ọmọ gínípíìgì kì í sì í ṣe bí ọmọ eku tàbí ọmọ ehoro tó ń wáyé níhòòhò o, tirun tirun ni wọ́n ń wáyé, ojú wọn á ti là, eyín á ti wà lẹ́nu, orí wọn tóbi. Àfi kí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ibi lẹ ti máa rí dókítà ẹran tó máa ṣí inú gínípíìgì láago méjì òru ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó.

Èyí tó kéré jù náà ò dáa. Lóòótọ́ abo tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré lè lóyún, ṣùgbọ́n ọmọdé ni, ẹ jẹ́ kó tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kára ẹ̀ gbó díẹ̀. Tẹ́ ò bá mọ ọjọ́ orí abo yín rárá, ẹ kà á sí àgbà, kẹ́ ẹ má fi akọ tí ò tíì dọ̀dá sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ṣé wọ́n lè tẹ gínípíìgì lọ́dàá ni?

Wọ́n lè ṣe é dáadáa. Tí kì í bá ṣe ọmọ lẹ̀ ń wá, tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ kí wọ́n máa gbé pọ̀ kí inú wọn máa dùn, èmi ò mọ nǹkan tó dáa tó akọ tó dọ̀dá láàárín àwọn abo méjì mẹ́ta. Wọ́n máa ń jẹ́ jẹ́jẹ́, ìjà àwọn abo gan-an á dínkù. Àmọ́ dókítà ẹran tó mọ ẹran kékeré ni kó ṣe é o, ẹ má gbé e lọ bá àwọn tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá, ara gínípíìgì ò gba irú ìyẹn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kẹ́ ẹ tó gbé e sọ́dọ̀ abo, torí àtọ̀ tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ṣì lè fún abo lóyún. Ẹnì kan dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ní ara ẹ̀ ti jinná, ọmọ mẹ́ta ló fi gbà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé akọ gan-an ni wọ́n tà fún mi?

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, ẹ má fọkàn tán ẹnu ẹni tó ń tà. Ẹ jókòó, ẹ gbé e sí itan, ẹ fọwọ́ kan gbé ìdí ẹ̀ ró dáadáa kó má jábọ́. Ti abo máa ń là bíi lẹ́tà Y, ti akọ dà bíi lẹ́tà i kékeré, bí ìlà kan tí àmì róbótó wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìka rọra tẹ apá òkè ẹ̀, tó bá jẹ́ akọ, nǹkan ọkùnrin ẹ̀ á yọ jáde. Akọ tó ti dàgbà, kóró ẹpọ̀n méjèèjì máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí. Àwọn kéékèèké ló máa ń tan èèyàn jẹ. Èmi gan-an ra “abo mẹ́ta” nígbà kan, ọ̀kan nínú wọn ni bàbá àwọn ọmọ tí mo bá nínú kéèjì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Irú akọ wo ló dáa kí n rà?

Kó má jẹ́ bàbá wọn, kó má jẹ́ ọmọ wọn, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Nǹkan tó tiẹ̀ ń jẹ́ ká pààrọ̀ akọ nìyẹn, kí bàbá má bàa máa gun ọmọ ẹ̀. Ẹ wá a lọ síbòmíì tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò pa pọ̀, ẹni tó ń sìn ín ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ilé-Olújì lè bá yín pààrọ̀. Kí ojú ẹ̀ mọ́, kí imú ẹ̀ gbẹ, kí ìdí ẹ̀ má ní ìgbẹ́ lára, kí eyín iwájú ẹ̀ gún régé.

Ẹ wo àwọ̀ irun ẹ̀ náà. Àwọn kan wà tí irun funfun pò mọ́ irun dúdú tàbí pupa lára wọn bí orí àgbàlagbà tó ń hewú, àwọn míì funfun tí tóótòòtó dúdú wà lára wọn. Wọ́n lẹ́wà, kò sì sóhun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má fi akọ irú ẹ̀ sọ́dọ̀ abo irú ẹ̀. Tí méjèèjì bá pàdé, ọmọ kan nínú mẹ́rin lè wáyé ní funfun báláú, ojú ẹ̀ á kéré tàbí kó má tiẹ̀ sí rárá, eyín ẹ̀ ò ní dáa, wọn kì í sábà pẹ́. Ìyà lásán ni.

Mo ti rà á délé. Ṣé mo lè gbé e sọ́dọ̀ wọn lónìí?

Ẹ dá a gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, èmi máa ń lo mẹ́ta. Yàrá ọ̀tọ̀ o, kì í ṣe kéèjì tó fara ti ti àwọn abo. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ àwọn tó wà nílé, kẹ́ ẹ tó lọ bọ́ àlejò, ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, kí abọ́ wọn má papọ̀. Lójoojúmọ́ ẹ máa wò ó: ṣé ó ń sín, ṣé ojú ẹ̀ ń ṣomi, ṣé ó ń họ ara, ṣé irun ń já lára ẹ̀, ṣé ìgbẹ́ ẹ̀ le dáadáa.

Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀. Akọ kan ni mo rà, ó rẹwà, ọjọ́ kẹta ni mo ti gbé e wọlé. Kò pé oṣù kan, abo mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí í họra títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, irun ẹ̀yìn wọn já tán, ọ̀kan tiẹ̀ ń ṣe gìrì nítorí yíyún yẹn, mo rò pé wárápá ni. Kòkòrò kan tójú ò lè rí ló wọ inú awọ wọn. Dókítà ẹran ló fi ìwọ̀n ara wọn ka oògùn fún wọn, ó tún un fún wọn títí, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń fọ kéèjì tí mò ń sun páálí.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ń sín tàbí ó ń ṣàìsàn, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má já kápúsù èèyàn sí i lẹ́nu. Amoxicillin, ampicillin, gbogbo ìdílé penicillin yẹn, májèlé ni fún gínípíìgì tó bá gba ẹnu wọlé. Àwọn kòkòrò rere tó ń bá wọn lọ koríko níkùn ló ń pa, àwọn burúkú á wá gbilẹ̀, wọ́n á máa tu oró sínú ìfun. Mo fún ọ̀kan nítorí pé mo ti rí i tí wọ́n ń fún adìyẹ, ó yàgbẹ́ gbuuru, ọjọ́ kẹrin ló kú lọ́wọ́ mi. Títí dòní mo ṣì ń rántí ẹ̀.

Ó dáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé, ara ẹ̀ dá. Báwo ni mo ṣe máa ṣe ọjọ́ náà?

Bó bá ku bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa mú díẹ̀ nínú koríko tí akọ ti sùn lé sọ́dọ̀ àwọn abo, kẹ́ ẹ mú tiwọn náà sọ́dọ̀ ẹ̀, kí imú wọn ti mọra. Ẹ má wẹ̀ ẹ́ o, àwọn kan á ní kẹ́ ẹ wẹ gbogbo wọn kí òórùn wọn lè jọra, ìnira lásán nìyẹn.

Tó bá dọjọ́ náà, àárọ̀ ni, kí oòrùn tó mú. Ẹ wá ibi tí kò jẹ́ ti ẹnì kankan nínú wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí pálọ̀ tẹ́ ẹ ti tẹ́ aṣọ àtijọ́ sí. Ẹ da ewé tí wọ́n fẹ́ràn sí àárín, kó pọ̀, kó má jẹ́ òkìtì kan ṣoṣo, torí ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kì í ráyè ìjà púpọ̀. Ẹ gbé páálí mẹ́ta mẹ́rin kalẹ̀ tí wọ́n á lè sá sí, ṣùgbọ́n kí páálí kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà MÉJÌ. Èyí tó ní ọ̀nà kan ni wọ́n máa ń há ara wọn mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé ara wọn jẹ.

Èmi máa ń jẹ́ kí akọ rìn kiri níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ná, kí n tó kó àwọn abo wọlé pa pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ má lọ gbé ẹ̀bà, ẹ má lọ gbé fóònù sí etí, kí tówẹ̀lì tó nípọn wà lọ́wọ́ yín, torí tí ìjà bá bẹ́, tówẹ̀lì lẹ máa jù lé wọn, ẹ ò gbọdọ̀ kọwọ́ bọ̀ ọ́, eyín wọn mú gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo wákàtí kan sí méjì. Nígbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀ kí ẹnì kan nílé bá yín fọ kéèjì, kó pààrọ̀ gbogbo nǹkan inú ẹ̀, kó yí ipò páálí àti abọ́ padà, tí wọ́n bá fi máa wọlé kó dà bí ilé tuntun fún gbogbo wọn.

Tí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, ẹ má tún máa yọ ọ́ ní alẹ́ kẹ́ ẹ dá a padà láàárọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ni wọ́n máa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Akọ ń kùn hùn-ùn-ùn, ó ń jùdí, ó ń lé gbogbo wọn kiri. Ṣé ìjà nìyẹn?

Kì í ṣe ìjà. Ó ń kọnu sí wọn ni. Á máa rìn díẹ̀díẹ̀, á máa ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lókèèrè. Á máa gbóòórùn ìdí wọn, á máa gùn wọ́n, wọ́n á máa ké kíí-kíí bí ẹni pé wọ́n ń kú lọ, wọn ò kú, wọ́n ń sọ fún un pé kó fi àwọn sílẹ̀ ni. Àwọn abo náà lè máa gun ara wọn. Ariwo yẹn ló ń mú káwọn èèyàn sáré yọ akọ, tí nǹkan wá ń dojú rú.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni kí wọ́n máa lu eyín mọ́ra wọn ka-ka-ka, kí irun ọrùn dìde, kí wọ́n máa na orí sókè kí wọ́n kojú ara wọn, kí wọ́n máa yán tí eyín á hàn (kì í ṣe oorun ló ń kùn wọ́n o). Ìkìlọ̀ nìyẹn, ó lè parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí méjì bá fò mọ́ra tí wọ́n dì bíi bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń yí nílẹ̀, ẹ ju tówẹ̀lì, ẹ yà wọ́n, ẹ wo ara wọn bóyá ẹ̀jẹ̀ wà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, ó parí lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jinná kẹ́ ẹ tó tún gbìyànjú.

Abo mi tọ̀ sí i lójú!

Ó sọ pé òun ò fẹ́ lónìí ni. Kò ṣàìsàn, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ìyáálé ṣì ń lé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo máa ń fún wọn. Ìwọ̀n kékeré táwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ni kẹ́ ẹ fi máa wọn gbogbo wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí akọ bá ń jẹun, tó ń sùn, tí kò sì fọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tó bá ń fọn, tó jẹ́ pé igun kan ló ń dúró sí, ibi oúnjẹ tàbí omi ni wọ́n ń lé e kúrò. Ẹ fi ìgò omi kejì àti abọ́ kejì sí òdìkejì kéèjì, ẹ fi páálí kún un kó ju iye wọn lọ. Àyè ni ọ̀rọ̀ yìí lọ́pọ̀ ìgbà, kéèjì tẹ́ ẹ fi kó adìyẹ méjì wá láti ọjà kò lè gba gínípíìgì mẹ́rin.

Abo mélòó ni akọ kan lè mú? Ṣé mo lè fi akọ méjì sí i?

Abo márùn-ún sí mẹ́wàá fún akọ kan tó ń gùn, tí àyè bá wà. Akọ méjì níwájú abo, rárá, wọ́n á ya ara wọn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni o, bàbá àtọmọ ni o, tí òórùn abo bá ti dé àárín wọn ó tán.

Kéèjì ehoro ni mo ní. Ṣé wọ́n lè jọ wà níbẹ̀?

Ẹ má ṣe é. Ehoro lè ta á nípàá kó ṣẹ́ ẹ léegun, ó sì tún lè gbé àìsàn àyà kan tí kì í ṣe òun ní nǹkan kan, tó sì ń pa gínípíìgì. Oúnjẹ wọn gan-an ò jọra.

Kí ni kí n máa fún wọn jẹ ní àsìkò yìí?

Koríko ni oúnjẹ wọn, ìyókù jẹ́ àfikún, torí eyín wọn ń hù títí ayé, koríko ló ń lọ̀ ọ́ kó má gùn jù. Èèsún tó ṣì tútù, ewé àgbàdo, ewé ọ̀dùnkún. Gínípíìgì dà bíi tiwa, ara ẹ̀ ò lè ṣe fítámì C fúnra ẹ̀, ehoro lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí oúnjẹ ehoro inú àpò ò fi tó wọn. Tí kò bá tó, oríkèé á wú, eyín á máa mì, kò ní lè rìn. Aboyún nílò ẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Èmi máa ń fún wọn ní gúáfà tó pọ́n díẹ̀ díẹ̀ àti tàtàṣé tí kò ta, mo ń yọ kóró inú ẹ̀ kúrò.

Ẹ má fún wọn ní ewé ẹ̀gẹ́, ewé píà, àlùbọ́sà. Ẹ sì ṣọ́ra fún koríko ẹ̀bá títì o, nílùú yìí báyìí oògùn ni wọ́n ń fín sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń roko tẹ́lẹ̀, koríko náà á ṣì tutù yọ̀yọ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kó tó rọ. Ibi tẹ́ ẹ mọ ẹni tó ni ín ni kẹ́ ẹ ti máa já a.

Ibo ni kí kéèjì wà?

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí oòrùn ò kàn. Ooru oṣù kejì sí ìkẹta lè pa wọ́n lọ́sàn-án gangan, pàápàá aboyún, ẹ gbé ìgò omi tó dì sínú fíríìsà wé aṣọ kẹ́ ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ tẹ́ èyí táwọn kápẹ́ńtà ń fá lára pákó sábẹ́ wọn, kì í ṣe lẹ́bulẹ́bú ibi ìlagi, ìyẹn ń wọ̀ wọ́n nímú, ó sì ń di mọ́ akọ lábẹ́. Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, ìjàlọ. Òru kan ṣoṣo ni wọ́n nílò. Ẹ fi ẹsẹ̀ kéèjì sínú agolo tó ní omi àti epo kẹrosíìnì díẹ̀.

Tí wọ́n bá ti bí, ìgbà wo ni kí n yọ àwọn ọmọ?

Ọjọ́ 21 pérépéré ni kẹ́ ẹ yọ àwọn ọmọ tó jẹ́ akọ, kẹ́ ẹ tún wọn yẹ̀ wò bí mo ṣe júwe lókè. Tí wọ́n bá pẹ́ síbẹ̀ wọ́n á gun ìyá wọn àtàwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Àwọn tó jẹ́ abo lè dúró ti ìyá wọn, tí akọ àgbà ò bá sí níbẹ̀.

Àná ni mo ra akọ tèmi. Àwọn abo ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀ láti yàrá kejì, gbogbo wọn ń ké wíìkì wíìkì, àánú wọn ń ṣe mí. Ṣé kí n ṣì dúró?

Ẹ dúró. Wíìkì wíìkì yẹn, bóyá ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń kó ewé wálé ni wọ́n gbọ́. Ẹ kọ déètì àná sára páálí ẹ̀, ẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí láti wọn àwọn abo, kẹ́ ẹ mọ èyí tó ti dàgbà jù tí kò bímọ rí, kẹ́ ẹ yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọ̀kan tó máa bá a gbé. Ẹ wá páálí tó lágbára, ẹ gé ẹnu ọ̀nà méjì méjì sí i lára. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejìlélógún, tí akọ ò sín, tí kò họra, ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.